GÍLÓÒBÙ XENON LÁRA ỌKỌ̀ TÒKUNBỌ̀

Ẹni tí ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, tí ó sì ń fi rin ọ̀nà Ìkìrun, Inísà àti Òkukù lóru, ní láti mọ irú iná tí ó wà níwájú rẹ̀. Gílóòbù xenon kò ní wáyà tín-ín-rín nínú bí ti àtijọ́. Inú afẹ́fẹ́ xenon ni iná mànàmáná ń gbà kọjá tí ó fi ń tàn. Láti tàn án, àpótí kékeré kan ń gbé agbára iná náà ga ju fóòtì 20,000 lọ. Èyí lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá. Nítorí náà, kí a pa iná àti ẹ́ńjìnnì, kí a yọ orí bátìrì, kí gílóòbù sì tutù, kí a tó fọwọ́ kàn án.

Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń pọ́n tàbí tí ó ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí gílóòbù ti gbó. Irú èyí tí a kọ sára rẹ̀, bí D1S tàbí D2S, gan-an ni kí a rà. Kí a pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọn lè dọ́gba. Kí ìka má sì kan dígí wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki gílóòbù xenon bọ inú iná tí a kò ṣe fún un. Yóò wọ awakọ̀ tí ó ń bọ̀ lójú, kò sì ní rí ọ̀nà mọ́. Iná tí a fi ń wá ọ̀nà kò gbọdọ̀ mú ẹlòmíràn ṣìnà.