Wọ́n Kọ̀ Mí ní Físà, Ọkọ̀ Òfurufú Sì Ń Lọ: Ṣé Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Mi Ti Gbé?

Ẹ̀yin olóòtú, Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Houston máa bímọ ní oṣù March, èmi ni mo sì yẹ kí n lọ bá a wẹ ọmọ. Ní November tó kọjá, ejẹ́ńtì tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní bí mo bá dúró de físà, owó á ti gun òkè. Mo fi mílíọ̀nù 1.8 náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Kí ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ẹ́ńbásì tó kò, Amẹ́ríkà ní láti January 1, 2026, àwọn ò fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àbẹ̀wò mọ́. Mo ṣáà lọ. Ìwé tí wọ́n fi kọ̀ mí ni mo gbà bọ̀. Ejẹ́ńtì ní tíkẹ́ẹ̀tì mi kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń dá owó rẹ̀ padà, àfi kí n gba váọ́ṣà ọdún kan. February 20 ni ọkọ̀ máa gbéra. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn?
Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, lágbára Ọlọ́run. Owó yín kò tíì wọgbó, àmọ́ n kò ní tàn yín, mà: kò dájú pé gbogbo rẹ̀ ló máa padà. Èyí tó máa padà wà lọ́wọ́ ohun tí ẹ bá ṣe kí February 20 tó pé.

Ohun tí òfin kọ́kọ́ máa ń wò ni ẹni tó da ìrìn àjò rú. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ló fagi lé e, dandan ni kí wọ́n dá owó èrò padà, ì báà jẹ́ ìjọba, ìjì tàbí àrùn ló sún wọn débẹ̀. Òfin 261 tí ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2004, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lò lẹ́yìn tó jáde kúrò láàárín wọn, fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní ọjọ́ 7 láti san án. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2024 fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 bó bá jẹ́ káàdì àwìn lèèyàn fi sanwó, ọjọ́ 20 bó bá gba ọ̀nà mìíràn. Wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi váọ́ṣà rọ́pò owó fún ẹni tí kò fẹ́ ẹ.

Tiyín kọ́ nìyẹn. Ọkọ̀ ń lọ ní tiẹ̀, ẹ̀yin ni wọn ò jẹ́ kí ẹ wọ̀ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni òfin ti máa ń dákẹ́. Nígbà kòrónà, òfin kónílé-ó-gbélé ká ọ̀pọ̀ èèyàn mọ́lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sì fò láìsí wọn. British Airways ní kí wọ́n gba váọ́ṣà tàbí kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Ryanair ní àfi kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Ní June 2021, CMA, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ilé-iṣẹ́ méjèèjì. Nígbà tó fi di October, wọ́n ti pa fáìlì náà dé. Wọ́n ní òfin kò ṣe kedere tó lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti máa ná owó ìlú sí ẹjọ́. Bí ẹnu àjọ ìjọba kò bá ká ọ̀rọ̀, ẹ ò lè retí pé ejẹ́ńtì Dùgbẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ sọ pé owó yín nìyí, mà. Mo rí i bí ìyànjẹ, nítorí kò sí ọgbọ́n tí èrò lè dá sí òfin ìjọba, àmọ́ bó ṣe wà nìyẹn. Òfin Amẹ́ríkà ti 2024 náà gbìyànjú díẹ̀: ẹni tí ìjọba dí lọ́nà nítorí àrùn tó ń ràn lè gba váọ́ṣà tí yóò wúlò fún ọdún 5. Àrùn ni wọ́n kọ síbẹ̀ o, wọn ò kọ físà.

Nítorí náà, ẹ má tíì fọwọ́ ara yín fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà lónìí. Ẹ máa ṣọ́ ímeèlì àti fóònù yín. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa yí àkókò padà. Fún ọkọ̀ tó ń ti ilẹ̀ òkèèrè lọ sí Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá fi wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mú kó gbéra ṣáájú àkókò rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ mú kó pẹ́ gúnlẹ̀, òfin 2024 yẹn ní ẹ lè kọ̀ ọ́, kí ẹ sì gba owó yín, kódà bí wọ́n bá kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì pé owó rẹ̀ kì í padà. Ẹ kìlọ̀ fún ejẹ́ńtì kó má bá yín tẹ “mo gbà” sí ìyípadà kankan. Àìmọye èèyàn ni ejẹ́ńtì ti fi ìkánjú bà á jẹ́ fún níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má káwọ́ gbera títí ọkọ̀ á fi lọ. Ẹni tí kò yọjú, tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, ni wọ́n ń pè ní nóò-ṣóò; wọ́n sábà máa ń pa tìpadàbọ̀ rẹ̀ rẹ́ pọ̀ mọ́ tàlọ. Bó bá ku bí ọjọ́ mélòó kan tí nǹkan kan kò yí padà, ẹ kọ̀wé pé ẹ ò lọ mọ́, kí ẹ sì tọ́jú èsì tí wọ́n bá fún yín.

Ẹ jẹ́ kí ejẹ́ńtì tẹ òfin tó de iye owó tíkẹ́ẹ̀tì yín jáde, kì í ṣe kó máa fẹnu sọ ọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní àyè fún ẹni tí wọ́n kọ̀ ní físà; wọ́n lè yọ owó ìtanràn díẹ̀, kí wọ́n dá ìyókù padà. Ìwé tí ẹ́ńbásì fún yín yẹn ni ẹ̀rí yín níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù. Bí wọn ò bá tiẹ̀ ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ wo rìsíìtì: iye owó ọkọ̀ dá wà lọ́tọ̀, owó orí àti owó pápákọ̀ òfurufú sì wà lọ́tọ̀. Àwọn owó kejì yìí dà bí owó tí awakọ̀ ń gbà lọ́wọ́ èrò fún àwọn onígáréèjì. Bí èrò kò bá wọkọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ẹ béèrè wọn padà. Èyí tí wọ́n bá kọ YQ tàbí YR sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni, wọ́n lè dì í mú. Owó iṣẹ́ ejẹ́ńtì náà, ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ejẹ́ńtì bóyá òun fúnra rẹ̀ ló gé tíkẹ́ẹ̀tì náà, tàbí ọwọ́ ejẹ́ńtì tó jù ú lọ ló ti rà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ìwé àṣẹ IATA, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú lágbàáyé. Nọ́ńbà onídíjíìtì 13 tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹni kan nínú àwọn ọmọ yín mú un lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà l’Ékòó. Ẹ lè gbọ́ ohun tó yàtọ̀ pátápátá níbẹ̀.

Váọ́ṣà ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí ẹni tó bá ti gbà á kò ní ẹnu láti béèrè owó mọ́. Bó bá di dandan, ẹ bi wọ́n bóyá ẹlòmíì lè lò ó, kí ọmọ yín lè fi gbé ọmọ wá sílé. Ẹ tún bi wọ́n bóyá láàárín ọdún kan náà lẹ gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò tán ni, tàbí kí ẹ ṣáà ti gba ààyè.

Ní ti fífi owó sílẹ̀ kí físà tó jáde, ẹ́ńbásì fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe é. Ẹ sọ fún àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà kọ́kọ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ mú ẹ̀dà náà lọ sọ́dọ̀ NCAA, tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú lórílẹ̀-èdè yìí, àti FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbí. Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ ejẹ́ńtì ni owó há sí, FCCPC ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, pẹ̀lú rìsíìtì báǹkì tí ẹ fi sanwó.