Èwo Ni Kò Bá Àwọn Yòókù Mu?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Bàrígà ni mò ń gbé. Nínú ìdánwò ìgbanisíṣẹ́, àwòrán márùn-ún jọra. Wọ́n ní kí n mú èyí tó yàtọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ọ́n?

Ìdáhùn: Àbúrò, kọ́kọ́ ka igun àti ìlà, kí o sì wo àwọ̀. Wá òfin tó kó mẹ́rin pọ̀, tó yọ ọ̀kan sílẹ̀; ọ̀kan yẹn ni ìdáhùn. Bí iye wọn bá dọ́gba, yí àwọn àwòrán náà lọ́kàn rẹ. Bí àpẹẹrẹ, wo òǹtẹ̀ rọ́bà ní ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú: R orí rẹ̀ kọjú sódì, bó ti wù kí o yí i, kò lè di R gidi. Àwòrán tó kọjú sódì báyìí ló sábà máa ń yàtọ̀. Gé R lára páálí, kí o máa yí i láti fi dánra wò lálaalẹ́.