Ẹ̀KỌ́ 12: Ta ni ẹ máa gbé ẹrù yín lé lọ́wọ́?



Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ló ní ọmọ tàbí àbúrò nílùú Faransé. Ìyá á yan gàrí, á wá ẹja gbígbẹ, á ra aṣọ fún ọmọ-ọmọ tí kò tíì fojú rí. Ó kó gbogbo rẹ̀ sí páálí. Ta ló máa gbé e lọ?

Àwọn tó ń gba ẹrù pọ̀. Olóòótọ́ wà nínú wọn. Òmíràn sì wà tó máa gba owó, tó máa gba ẹrù, tí tẹlifóònù rẹ̀ kò ní dún mọ́. Ẹnu dídùn kọ́ la fi ń mọ olóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin sì ti mọ̀wé kà báyìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà

1. Ilé ìfìwéránṣẹ́, ìyẹn La Poste. Ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò wà nínú ẹgbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ayé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1874. Bí Kútọnu bá fi ẹrù ránṣẹ́, La Poste ti Faransé ló máa gbà á níbẹ̀.

2. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e kíákíá. Wọ́n yá, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n.

3. Àwọn tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sójú kan, tí wọ́n ń kọ « groupage » sára pátákó wọn. Wọ́n sábà máa ń dín owó. Ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti lajú jù.

Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó

Níbo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà? Ẹ lọ síbẹ̀, ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ wo ìwé wọn. Ẹ wá lẹ́tà RCCM: ó fi hàn pé wọ́n forúkọ òwò sílẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ tún wá IFU. Ní Tógò, ẹ wá NIF. Nọ́ńbà owó orí wọn nìyẹn.

Kí ni kò gbọdọ̀ wọlé? Àwọn aṣọ́bodè Faransé kì í jẹ́ kí ẹran wọlé nínú irú ẹrù báyìí, ìbáà jẹ́ gbígbẹ. Wàrà náà kò gbọdọ̀ wọlé. Iṣu àti ata tútù gbọ́dọ̀ ní ìwé ìjọba tó sọ pé kò sí kòkòrò tàbí àrùn lára wọn. Ẹja gbígbẹ tí èèyàn máa jẹ nílé lè wọlé, bí kò bá ju 20 kílò lọ. Ẹni tó bá ní « kò sí ohun tí a kì í gbé », ẹ sá fún un.

Bí ẹrù bá sọnù, èló lẹ máa san fún mi? Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá wọn ṣírò

Kí wọ́n wọn ẹrù lójú yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú kì í wo ìwúwo nìkan, ó ń wo bí páálí ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń gbé e kíákíá sábà máa ń ṣírò báyìí: gígùn × ìbú × gíga ní sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n wá fi 5 000 pín in.

50 × 40 × 30 = 60 000
60 000 ÷ 5 000 = 12

Bí ẹrù inú rẹ̀ bá jẹ́ kílò 8, owó kílò 12 lẹ máa san. Olè kọ́ nìyẹn o, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni. Olóòótọ́ á sọ ọ́ fún yín ṣáájú. Ẹ wá páálí tó bá ẹrù mu, kí àyè má ṣófo nínú rẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ máa mú lọ sílé

Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé. Kí orúkọ yín, orúkọ ẹni tó máa gbà á, ìwọ̀n, owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹrù wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ti La Poste ní lẹ́tà 2, òǹkà 9, àti lẹ́tà 2. Àpẹẹrẹ: EE 123 456 785 BJ. BJ ni àmì Bẹ̀nẹ̀, TG ni ti Tógò. Ẹ kà á fún ọmọ yín lórí tẹlifóònù. Bó bá tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á rí ibi tí ẹrù dé.

Wọ́n á tún ní kẹ́ ẹ kọ ohun tó wà nínú ẹrù sílẹ̀ fún aṣọ́bodè. Ẹ kọ òótọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ki ẹrù dídì tirẹ̀ bọ inú tiyín. Orúkọ yín ló wà lórí páálí, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú.

Ẹ dáhùn

1. Lẹ́tà wo lẹ máa wá lórí ìwé wọn?
2. Kí ló dé tí a kì í fi wàrà ránṣẹ́ sí Faransé?
3. Páálí kan jẹ́ 50 × 40 × 40. Kílò mélòó ni wọ́n máa kà á sí? Ká sọ pé kílò kan jẹ́ 6 000 fránkì, èló lẹ máa san?
4. Ta ló ti fẹrù ránṣẹ́ rí nínú kíláàsì yín? Kó mú ìwé rẹ̀ wá, ká jọ kà á.