Fóònù Lọ́wọ́ Ọmọ: Ṣé Ká Fọ́ Ọ Ni?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata fi ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ sùn. Bí ọmọ náà bá ti ti ilé-ìwé dé, ẹ̀yìn àtẹ ló ń jókòó sí, géèmù àti fídíò ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò. Ìyá ní òun á fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ní kó fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò ná.

Eré kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀kọ́. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè ṣírò, wọ́n á jẹ ẹ́ tán.

Àwọn òyìnbó náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1971, ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà, àwọn mẹ́ta tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ṣe géèmù kan tó ń jẹ́ The Oregon Trail láti fi kọ́ ọmọ ní ìtàn àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ẹrù rin ọ̀nà jíjìn. Ọmọ á fi owó ìwọ̀nba ra màlúù, oúnjẹ àti aṣọ. Bó bá ná an ní ìnákúnàá, ìyà á jẹ ẹ́ lọ́nà. Àbí ọjà kọ́ nìyẹn?

Ní Tanga ní Tanzania, wọ́n fún àwọn ọmọ bí 2,700 ní kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tó ń fi géèmù kọ́ni ní ìwé kíkà àti ìṣirò ní èdè Swahili. Oṣù 15 ni wọ́n fi dán an wò, ó parí ní 2019. Ọ̀pọ̀ wọn kò lọ ilé-ìwé rí, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ náà ń bi ọmọ léèrè, ó sì ń dúró gba ìdáhùn. Fídíò tó kàn ń sáré lọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ká ṣe:

1. Kí ọmọ wo fídíò tó bá iṣẹ́ tí tíṣà fún un mu. Wákàtí kan ti tó.

2. Ẹ dá a dúró láàárín. Ẹ ní, "Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi." Ìyá tí kò kàwé náà lè ṣe èyí. Bí ọmọ bá ń kólòlò, kò tíì yé e nìyẹn. Kó padà wò ó.

3. Ẹ gbé e wá sórí àtẹ. Bí kọ́ńgò gààrí mẹ́ta bá jẹ́ 2,400 náírà, èló ni méjì? Kó ṣe é láìfọwọ́ kan fóònù.

Aláta wa kò fọ́ fóònù mọ́. Bí ọjà bá ti dẹwọ́ nírọ̀lẹ́, ọmọ á máa ṣàlàyé, ìyá á máa bi í. Ìdánwò tó ń bọ̀ ló máa sọ.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Kí ni ọmọ tìrẹ wò lórí fóònù lánàá? Ṣé o bi í?