Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ỌKỌ̀: BÍRÉÈKÌ MÁA Ń WÍ KÓ TÓ JÁ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí bíréèkì ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi Peugeot 504 àtijọ́, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, kó iṣu àti àgbàdo lọ sí ọjà. Ọkọ̀ náà lágbára, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà. Lọ́jọ́ ọjà, ẹrù nìkan kọ́ ló ń gbé. Àwọn aya àti ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Bí bíréèkì bá já lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò sí ẹni tí yóò bèèrè iye tí a ta iṣu.

Bíréèkì kì í sábà ṣàdédé já. Ó máa ń wí kó tó já. Lóòótọ́ mẹkáníìkì jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ẹ lè ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yìí nílé kí ẹ tó kó ẹrù sọ́kọ̀.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Nígbà tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, ẹ ń ti ọ́ìlì tó wà nínú páìpù. Ọ́ìlì yìí ló ń ti páàdì mọ́ díísìkì níwájú, tó sì ń ti láìnì mọ́ dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá jò, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú páìpù, agbára ẹsẹ̀ yín kò ní dé ìdí táyà.

ÀYẸ̀WÒ KÌÍNÍ: ỌÌLÌ

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ike ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Ọ́ìlì yìí kì í jó tán bíi bẹntiróòlù. Bí ó bá dín, nínú ohun méjì ni: yálà páàdì ti jẹ, tàbí ọ́ìlì ń jò. Ẹni tó bá bu tuntun kún un, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ láìwádìí, ó ń tan ara rẹ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wo páìpù àti họ́ọ̀sì, ẹ sì wo ìdí pẹ́dà nínú ọkọ̀. Ibi tó bá tutù tó sì ń yọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jò.

Bí ọ́ìlì bá ti dúdú, ó ti pẹ́ jù. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi yẹn á hó, pẹ́dà á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì-méjì. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí lára, tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí. Ẹ má ṣe da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, òróró ẹ̀pà tàbí omi ọṣẹ sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa mú kí rọ́bà inú rẹ̀ wú, á sì bà á jẹ́.

ÀYẸ̀WÒ KEJÌ: ẸSẸ̀

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ pẹ́dà lẹ́ẹ̀marùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì ka oókan dé ọgbọ̀n.

(a) Bí ó bá dúró gbọin, ó dára.
(b) Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì ń jò síta, tàbí másítà sílíńdà ti bàjẹ́ nínú.
(d) Bí ó bá rọ̀ bíi tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù.
(e) Bí ó bá lọ sílẹ̀ ní ìtẹ̀ kìíní, tó sì gòkè ní ìtẹ̀ kejì, láìnì ẹ̀yìn ń fẹ́ àtúntò, tàbí afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀.

Bí ọkọ̀ yín bá ní ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ sítáàtì ẹ́ńjìnnì. Pẹ́dà gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá lọ, ẹ̀rọ náà tàbí họ́ọ̀sì rẹ̀ ti bàjẹ́.

ÀYẸ̀WÒ KẸTA: ETÍ ÀTI ỌWỌ́

Bí méjì àkọ́kọ́ bá dára, ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ láìsí ẹrù, ní pápá tí kò sí ọmọdé. Bí ó bá ń han bí ẹ ti ń tẹ bíréèkì, páàdì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá ń rin gbàràgbàrà, irin ti ń lọ irin. Ẹ dá a dúró. Bí ọkọ̀ bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba. Bí ó bá dọ́gba, bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan kò mú tó ti èkejì. Bí pẹ́dà bá ń gbọ̀n, díísìkì kò tẹ́jú mọ́. Bí ẹ bá dé, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sún mọ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ kò tú sílẹ̀.

ÌKÌLỌ̀

Bí ẹ bá fẹ́ tú táyà, ẹ fi òkúta há àwọn yòókù, ẹ má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Páàdì tó bá ti tín-ín-rín ju mìlímítà 3 lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ kejì pọ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀, nítorí àwọn láìnì àtijọ́ mìíràn ní asbestos tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Páìpù, másítà sílíńdà àti yíyọ afẹ́fẹ́, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni. Bí pẹ́dà bá ń rì, tàbí ọ́ìlì ń jò, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde, ì báà jẹ́ ọjọ́ ọjà. Iṣu lè dúró de ọjà tó ń bọ̀. Bí ó bá jẹ́ tòmátò tí kò lè dúró, ẹ háyà ọkọ̀ aládùúgbò. Owó háyà kò tó owó ìsìnkú.

Bí bíréèkì bá já lójú ọ̀nà, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra, ẹ já jíà sílẹ̀, kí ẹ sì máa fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yọ kọ́kọ́rọ́, kí sítíárìn má bàa há.

ÌBÉÈRÈ

1. Ohun méjì wo ló lè mú kí ọ́ìlì bíréèkì dín?
2. Kí ni ó túmọ̀ sí bí pẹ́dà bá ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀?
3. Ta ni nínú ilé yín tí yóò máa ṣe àyẹ̀wò yìí ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà?

Ẹ jọ dáhùn wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ yín tó mọ̀wé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.