‘Ààbò’ nínú Ìwé Ìlànà Yàrá Ìdarí

Ọ̀rọ̀ tí ó tètè ń wá sí ọkàn ògbufọ̀ fún yàrá tí wọ́n ti ń bójú tó ààbò ọgbà ńlá ni ‘ilé ìṣọ́’. Kò péye. Ibi gíga tí alóre ti ń wo iwájú ni ilé ìṣọ́. Òṣìṣẹ́ yàrá yìí kì í yọjú síta rárá: àwòrán ni ó ń bá a lójú ẹ̀rọ, yóò rò ó, yóò rán ẹ̀ṣọ́ níṣẹ́, yóò sì ti ilẹ̀kùn láti orí ìjókòó rẹ̀. ‘Yàrá ìdarí’ ni ó bá iṣẹ́ náà mu. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí Ìwó: ní Òṣogbo ni ibùdó ìdarí iná mànàmáná Nàìjíríà wà, níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún ibùdó bíi Kainji àti Jebba pé kí wọ́n fi kún iná tàbí kí wọ́n dín in kù, kí ó má baà yà jìnnà sí ìyípo 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ara ‘ààbò’ gan-an ni ìṣòro wà. Ọ̀rọ̀ méjì ni Gẹ̀ẹ́sì ní níbi tí Yorùbá ti ń lo ẹyọ kan: ọ̀kan fún ẹ̀mí tí ó bọ́ lọ́wọ́ ewu, èkejì fún dúkìá tí olè kò lè dé ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kò sí ìpalára. Lórí àgádágodo oníná mànàmáná, ó lè pa ènìyàn. Irú méjì ni àgádágodo yìí. Bí iná mànàmáná bá lọ, àkọ́kọ́ yóò ṣí fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ń lo òòfà tí kò lè di ilẹ̀kùn mú láìsí iná. Èkejì yóò wà ní títì. Bí ògbufọ̀ bá pe méjèèjì ní ‘aláàbò’, èwo ni oníṣẹ́ iná yóò kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde? Ní 2024 nìkan, ètò iná mànàmáná orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. (‘Iná’ lásán pàápàá kò tó; ‘ìjóná’ ni kí ògbufọ̀ fi ya ọ̀tọ̀.)

‘Atúnisílẹ̀’ yẹ àkọ́kọ́, ‘adìlẹ̀kùnmú’ yẹ èkejì, nítorí pé ohun tí àgádágodo ń ṣe nígbà tí iná bá lọ ni orúkọ méjèèjì sọ. Ní ọgbà bíi ti Yunifásítì Bowen ní Ìwó, tí ó gba ìwé àṣẹ ní 2001, atúnisílẹ̀ ni ó tọ́ sí gbọ̀ngàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́; adìlẹ̀kùnmú lè wà lára yàrá ìwé ìdánwò. Ṣùgbọ́n orúkọ kejì yìí kò pé tán: púpọ̀ nínú irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà nínú ilé ṣì lè fi ọwọ́ ṣí. Gbólóhùn kan nínú ìwé ìlànà ni yóò sọ èyí. Orúkọ kò lè gbé e.