Orúkọ Láàárín Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Agboolé Kan

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ gùn lẹ́ṣin dé ibi ọ̀rọ̀ tí mo ní í bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà ni bí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà nínú ilé kan náà ṣe lè fi orúkọ mọ ara wọn láìsí akọ̀wé tí ń tọ́jú ìwé orúkọ fún wọn. mDNS ni àwọn onímọ̀ ń pe ètò náà.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú èyí. Bí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kan bá kó ohùn àwọn oníjàálá, ẹlẹ́sà àti oníyẹ̀rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò sì rí ọ̀nà dé ibẹ̀, kí ni àǹfààní àkójọ náà?

Nọ́ńbà kò tó

Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn, bí àpẹẹrẹ 192.168.1.23. Rúútà ni ó sábà máa ń yá wọn ní nọ́ńbà yìí. Bí iná bá lọ tí ó sì tún dé, ó lè yá wọn ní òmíràn. Ẹni tí ó kọ ti àná sínú ìwé yóò kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

Láyé ARPANET ní Amẹ́ríkà, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ni a kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà sí. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, Paul Mockapetris gbé DNS kalẹ̀ ní 1983. Ṣùgbọ́n DNS ń fẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́jú ìwé orúkọ, ilé kékeré kì í sì í ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Apple mú ètò tirẹ̀ tí ó ń jẹ́ Rendezvous jáde. Ní 2005 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bonjour. Stuart Cheshire àti Marc Krochmal ni wọ́n kọ òfin mDNS, RFC 6762, tí ó jáde ní 2013.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

DNS dà bí ìgbà tí a lọ bi baálé léèrè yàrá ẹni tí a ń wá. mDNS dà bí ìgbà tí a dúró láàárín agboolé tí a ké pé: "Ta ni ń jẹ́ Ijala níbí?" Gbogbo ilé yóò gbọ́, ẹni tí ó ni orúkọ ni yóò dáhùn. Orí nọ́ńbà 224.0.0.251, ní ẹnu-ọ̀nà 5353, ni a ti ń ké igbe náà. Kò kọjá ògiri agboolé, nítorí rúútà kì í gbé e jáde. Gbogbo orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ó ń parí sí .local.

Kí kọ̀ǹpútà tó gba orúkọ, yóò kọ́kọ́ bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ẹlòmíràn ti ń jẹ́ ẹ. Bí ó bá ti ní olúwa, àlejò yóò fi nọ́ńbà kún tirẹ̀: ijala-2.

Bí a ṣe ń ṣe é

Lórí Debian tàbí Ubuntu, Avahi ni a ń lò.

1. Kí a gbé e wọlé nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà:
sudo apt install avahi-daemon libnss-mdns

2. Kí a sọ kọ̀ǹpútà lórúkọ, kí a sì jí Avahi dìde lákọ̀tun:
sudo hostnamectl set-hostname ijala
sudo systemctl restart avahi-daemon

3. Kí a wo inú /etc/nsswitch.conf bóyá ìlà yìí wà níbẹ̀:
hosts: files mdns4_minimal [NOTFOUND=return] dns
Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kò bá sí ẹni tí ó jẹ́ orúkọ .local náà nínú ilé, kí a má ṣe lọ yọ DNS ìta lẹ́nu.

4. Kí a dán an wò láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn:
ping ijala.local

Bí kò bá dáhùn, ẹ wò ó bóyá ògiri ààbò ti dí ẹnu-ọ̀nà 5353, tàbí bóyá rúútà méjì ni ẹ̀yin méjèèjì wà.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn

RFC 6762 gba àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ láàyè nínú orúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ni kò tíì gbà wọ́n nínú orúkọ kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà lásán ni ó ṣì dára jù. Níbí ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè ti lo ọgbọ́n. Bí olùkọ́ kan bá ní Ògún lọ́kàn, tí èkejì ní ogún lọ́kàn, tí ẹ̀kẹta ní odò Ògùn lọ́kàn, "ogun" kan náà ni gbogbo wọn yóò tẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni yóò jẹ́ ẹ, àwọn tó kù yóò di ogun-2 àti ogun-3. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a yan orúkọ tí kò ní dà rú bí a bá tú àmì kúrò lára rẹ̀: ijala, iyere.

Ìkádìí

Ètò yìí kò ní èdìdì. Ẹnikẹ́ni nínú agboolé lè dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mi ò gbà á nímọ̀ràn pé kí orúkọ .local nìkan jẹ́ ẹ̀rí ibi tí a ń kó máàkì ìdánwò lọ. Ọ̀rọ̀ aṣínà àti ìsọdàṣírí gbọ́dọ̀ bá a rìn. Ṣùgbọ́n fún ohùn àwọn àgbà tí a fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́, ó tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n wo ilé wọn, kí wọ́n sì sọ ọmọ náà ní orúkọ tí tọmọdé tàgbà yóò lè pè.